Bí a ṣe ń yẹ ilé ìtọ́jú àgbàlagbà wò kí a tó mú òbí wa lọ síbẹ̀

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ohun tí wọ́n fi tọ́ wa dàgbà ní Èkìtì nìyẹn, òun ló sì fà á tí ojú fi máa ń ti ọ̀pọ̀ ènìyàn láti sọ fún ẹbí pé àwọn ń wá ilé ìtọ́jú fún bàbá tàbí ìyá àwọn. Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ojú ti irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó ń dá gbé nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ìjerò, tí gbogbo ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó, Àbújá àti Lọ́ńdọ̀nù, tó sì jẹ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ kan tí kò tíì pé ogún ọdún ló ń fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sí lábẹ́ ààbò kankan kìkì nítorí pé inú ilé ọkọ rẹ̀ ló wà. Ilé ìtọ́jú tó dára lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Èyí tí kò dára sì lè pa á láàárín oṣù díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé ọwọ́ sókè sí i: òùngbẹ, egbò ìdùbúlẹ̀, ìṣubú kan ṣoṣo nínú ilé ìwẹ̀, oògùn tí wọ́n fún un lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ẹni tó fún un lákọ̀ọ́kọ́ kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ẹbí ṣe lè fi ojú ara wọn mọ ilé tó dára ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí. Ohun púpọ̀ ni a ó yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n méjì ni mo fi ń ṣe òṣùwọ̀n ju gbogbo rẹ̀ lọ: bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àgbàlagbà tí kò ní àlejò, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé náà lóru.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí òbí yín nílò

Kí ẹ tó wọ ilé ìtọ́jú kankan, ẹ jókòó, kí ẹ kọ ohun tí bàbá tàbí ìyá yín ṣì lè dá ṣe sílẹ̀, àti ohun tí kò lè dá ṣe mọ́. Ṣé ó lè dìde lórí ibùsùn fúnra rẹ̀? Ṣé ó lè dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ìtọ̀ tó bọ́ sí i lára? Ṣé ó mọ oògùn àárọ̀ yàtọ̀ sí ti alẹ́? Ṣé ó máa ń jáde nílé kí ó má sì mọ ọ̀nà padà? Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ní apá kan, àti ẹni tí ara rẹ̀ le koko ṣùgbọ́n tí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń dà láàmú, kò nílò irú ilé kan náà. Ilé tó mọ ìtọ́jú ẹni àkọ́kọ́ dáadáa lè má mọ ohun tí yóò ṣe nígbà tí ẹni kejì bá dìde ní aago méjì òru pé òun ń lọ sí oko.

Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà kí ẹ tó pinnu. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń sọ pé ọjọ́ ogbó ló ń ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé àìsàn tó ní oògùn ló ń ṣe é. Àgbàlagbà tí kòkòrò àrùn bá wọ ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀, tí omi ara rẹ̀ bá gbẹ, tàbí tí ṣúgà ara rẹ̀ bá já wálẹ̀, lè bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìsọkúsọ láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ méjì, kí orí rẹ̀ sì tún padà bọ̀ sípò lẹ́yìn ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì, UCH ní Ìbàdàn sì ní ibùdó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà láti ọdún 2012, èyí tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà tó sọ àìsàn tó wà lára òbí yín, oògùn tó ń lò àti ìwọ̀n rẹ̀. Ilé ìtọ́jú tí kò bá béèrè ìwé yìí kí ó tó gba àgbàlagbà wọlé, owó yín nìkan ló ń wò.

Ẹ sì bi àgbàlagbà náà fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ kan máa ń sọ fún ìyá wọn pé àwọn fẹ́ mú un lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, kí wọ́n sì lọ já a sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú pẹ̀lú àpótí aṣọ tí kò mọ̀ pé wọ́n ti dì. Ìwà yìí burú, kò sì sí ìdí kan tó lè mú kí ó dára. Ìyá tí wọ́n tàn wá kò ní gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni nínú ilé náà, kò ní jẹun, kò sì ní sọ ibi tó ń dùn ún. Ẹ jẹ́ kí ó wá wo ibẹ̀ kí ẹ tó san owó, kí ó jẹun ọ̀sán níbẹ̀, kí ó rí yàrá, kí ó sì bá ẹni tí wọn yóò jọ gbé inú rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Òfin àti ìwé àṣẹ

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní abala 16, ní kí ìjọba darí ètò rẹ̀ sí bí ìtọ́jú ọjọ́ ogbó àti owó ìfẹ̀yìntì yóò ṣe tó àwọn ará ìlú lọ́wọ́. Abala 17 sì ní kí a dáàbò bo àwọn àgbàlagbà lọ́wọ́ ìrẹ́jẹ àti ìpatì. Òfin ọdún 2017 ló dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà sílẹ̀. Èkìtì náà kò ká ọwọ́ gbera, nítorí pé ní ọdún 2011, lábẹ́ Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, ìpínlẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí san ₦5,000 lóṣù fún àwọn aláìní tó ti pé ọdún 65. Ọ̀tọ̀ ni owó oṣù ṣá o, ọ̀tọ̀ ni àbójútó ilé tí àgbàlagbà ń sùn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Care Quality Commission, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2009, ló ń fún àwọn ilé ìtọ́jú ní àṣẹ. Ó ń rán àwọn olùyẹ̀wò lọ síbẹ̀, ó ń fi ilé kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kan nínú ìpele mẹ́rin, ó sì ń gbé àbọ̀ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè kà á. Ìbéèrè márùn-ún ni àwọn olùyẹ̀wò náà ń bá wọlé: ṣé ààbò wà, ṣé ìtọ́jú ibẹ̀ ń ṣe ara lóore, ṣé àwọn òṣìṣẹ́ láàánú, ṣé wọ́n ń fún olúkúlùkù ní ohun tí ipò tirẹ̀ béèrè, ṣé ẹni tó ń darí ilé náà mọ iṣẹ́. Àwọn ọmọ wa tó ń ṣe iṣẹ́ olùtọ́jú lọ́hùn-ún mọ ìbéèrè wọ̀nyí dáadáa. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, kò sí irú àbọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ẹbí lè ṣí kà kí wọ́n tó yan ilé. Ẹ̀yin fúnra yín ni olùyẹ̀wò, ẹ sì lè mú ìbéèrè márùn-ún náà dání lọ.

Ìwé tí ẹ ó béèrè kò pọ̀. Ẹ béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé náà lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, àti lẹ́tà tó fi hàn pé ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìgbáyégbádùn ará ìlú mọ̀ pé ilé náà wà. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ìwé àṣẹ àwọn nọ́ọ̀sì, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ìwé náà, nítorí pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni àjọ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà ń tún un ṣe. Kò sí ohun tó burú nínú kí àwọn olùtọ́jú tí kì í ṣe nọ́ọ̀sì máa wẹ àgbàlagbà, kí wọ́n máa fún un lóúnjẹ, kí wọ́n sì máa bá a rìn, bí wọ́n bá ti kọ́ wọn. Ẹni tí yóò máa gún abẹ́rẹ́ insulin fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí tí yóò máa tọ́jú egbò gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ní ìwé. Aṣọ funfun nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di nọ́ọ̀sì.

Ìbẹ̀wò: ẹ kọjá pálọ̀

Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán. Ẹ lè pe wọ́n kí ẹ tó lọ nígbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ fún wọn nígbà kejì, kí ó sì jẹ́ àkókò oúnjẹ tàbí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí olùdarí kò sí nítòsí. Inú pálọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ mú yín lọ, níbi tí tẹlifíṣọ̀n àti àga tìmùtìmù wà. Ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí yàrá, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ẹ̀yìnkùlé. Òórùn ìtọ̀ tó bá ń ti ara ibùsùn kan wá lè jẹ́ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Òórùn tó bá ti wọnú ògiri ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń pe àwọn àgbàlagbà. Ní ilẹ̀ yìí, ọmọ tó bá fẹ́ bọ́ ìyá àgbà láṣọ máa ń kúnlẹ̀, á sọ ohun tó fẹ́ ṣe, á sì ti ilẹ̀kùn kó tó bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá ń bọ́ aṣọ àgbàlagbà lójú gbogbo èrò, tó sì ń pè é ní orúkọ gan-an bí ẹni ń pe ọmọdé, ẹ̀kọ́ tó kù fún un pọ̀ ju ohun tí ilé náà lè fi oṣù kan kọ́ ọ lọ.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè àgbàlagbà tí ẹbí rẹ̀ kì í wá. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní irú wọn. Ní ilé kan tí mo wọ̀ ní Adó, ìyá kan wà ní ibùsùn ìkẹyìn lẹ́bàá ògiri. Wọ́n gbé ife omi rẹ̀ sórí ojú fèrèsé, ó kún dé ẹnu, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ kò sì lè dé ibẹ̀ láéláé. Ètè rẹ̀ ti là. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kọjá lọ, wọ́n ń kọjá bọ̀, kò sì sí ẹni tó gbé ife náà sún mọ́ ọn. Lórí ìwé, wọ́n á kọ ọ́ pé wọ́n fún un lómi. Irú ife bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa wá káàkiri gbogbo ilé: ṣé omi wà ní ibi tí ọwọ́ lè dé, ṣé ife náà fúyẹ́ tó kí ọwọ́ aláìlera lè gbé e, ṣé ẹnìkan ń ràn án lọ́wọ́ láti mu ún. Bí ènìyàn bá ṣe ń dàgbà ni òùngbẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbẹ ẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ ṣì nílò nǹkan bíi lítà kan ààbọ̀ lójúmọ́, àfi bí dókítà bá dín in kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín. Nígbà ọyẹ́, omi ara tètè máa ń gbẹ.

Ohun tí ara àgbàlagbà yóò sọ fún yín

Egbò ìdùbúlẹ̀ ni ẹ̀rí tó dájú jù lọ pé ìtọ́jú ti mẹ́hẹ. Bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ sójú kan, egungun yóò máa tẹ ẹran ara mọ́ ibùsùn, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní lè dé ibẹ̀ mọ́. Bí ó bá ti pẹ́, awọ ibẹ̀ yóò kú, yóò sì ya. Orí ìdí, ìbàdí, gìgísẹ̀ àti ìgúnpá ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìwé tí àwọn òyìnbó kọ máa ń ní kí a wá ibi tó pọ́n, ṣùgbọ́n lára adúláwọ̀ bíi tiwa, pípọ́n yẹn kì í sábà hàn. Ohun tí ẹ ó wá ni ibi tó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tó gbóná tàbí tó le bí ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá rí i ní ìpele yìí, egbò kò tíì ya, ó ṣì ṣeé dá dúró. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń yí ẹni tí kò lè dá yí padà. Wákàtí méjì méjì ni àṣà tó wọ́pọ̀, ó sì yẹ kí ìwé wà lẹ́bàá ibùsùn tó fi hàn ìgbà tí wọ́n yí i àti ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n yí i sí.

Ẹ béèrè bóyá wọ́n ní òṣùwọ̀n kílò. Ilé tó mọ iṣẹ́ máa ń wọn gbogbo àgbàlagbà lóṣooṣù. Ẹni tó wọn kílò 60 tó sì di 57 láàárín oṣù kan ti pàdánù ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, èyí sì tó ohun tí a ń pe dókítà fún. Ẹ wo ẹnu wọn pẹ̀lú: eyín àtọwọ́dá tí kò mọ́ àti ahọ́n tó gbẹ kì í purọ́.

Ní ti oúnjẹ, ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jẹ ẹ́. Àgbàlagbà Èkìtì fẹ́ jẹ iyán, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ ogbó gba iyán lẹ́nu rẹ̀ láìnídìí. Àmọ́ ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ́wọ́ lè fi òkèlè iyán kan ṣoṣo kú. Ilé tó dára yóò mọ ẹni tó lè jẹ iyán, ẹni tí a ó fún ní ẹ̀kọ tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀, àti ẹni tí a ó lọ oúnjẹ rẹ̀. Wọn yóò gbé e jókòó tààrà kí wọ́n tó fi ṣíbí kàn án lẹ́nu, wọn kì yóò sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó kọjá lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ tún béèrè aago oúnjẹ alẹ́. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fún àwọn àgbàlagbà lóúnjẹ alẹ́ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ lè tètè lọ sílé, tí wọn kò sì ní fi nǹkan kan sẹ́nu mọ́ títí di aago mẹ́jọ òwúrọ̀. Wákàtí mẹ́rìndínlógún nìyẹn, ó sì léwu púpọ̀ fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó ń gba insulin.

Ilé, iná àti omi

Orí òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ọ̀pọ̀ ilé wà ní Èkìtì, nítorí náà àtẹ̀gùn ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó kà. Àgbàlagbà tí kò lè gun àtẹ̀gùn kò gbọ́dọ̀ sùn lókè. Ẹ wo bóyá irin ìdìmú wà lára ògiri ilé ìwẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìgbọ̀nsẹ̀, bóyá taìlì ibẹ̀ ń yọ̀ bí omi bá dà sí i, bóyá ilẹ̀kùn fẹ̀ tó kẹ̀kẹ́ arọ, àti bóyá iná ń tàn ní ọ̀nà láti ibùsùn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru. Omi ìwẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná ju ìwọ̀n 43 ní Celsius lọ, nítorí pé awọ àgbàlagbà tinrín, ẹni tí ara rẹ̀ ti kú ní apá kan kò sì ní mọ̀ pé omi ń bó òun.

Iná ló ń bà mí lẹ́rù jù. Nítorí olè, a máa ń fi irin dí gbogbo fèrèsé, a ó sì fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn àbájáde lálẹ́. Bí iná bá sọ, ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, níbo ló sì ń sùn? Ẹ ní kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ náà hàn yín, kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn náà lójú yín. Bí wọ́n bá wá a tì fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní ọ̀sán gangan, ẹ mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lóru. Ẹ wo ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tó ń pa ẹni tó sùn láìjẹ́ pé ó jí, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ fèrèsé tàbí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ó ti wù kí òjò pọ̀ tó. Ìta ni kí sìlíńdà gáàsì wà.

Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí. Oǹdó tó múlé gbè wá wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ibà Lassa ń bá fínra jù lọ ní Nàìjíríà, eku ló sì ń gbé e kiri. Gààrí, ìrẹsì àti èlùbọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ike tó ní ìdérí tó le. Ibùsùn kọ̀ọ̀kan sì yẹ kó ní àwọ̀n ẹ̀fọn tí kò ya.

Òru

Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè yìí láìfi bò: ta ló ń wà lójúfò lóru? Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kì í ṣe olùtọ́jú, òṣìṣẹ́ tó ń sùn ní yàrá kejì kì í sì í gbọ́ ohùn ẹni tí kò ní agbára láti kígbe. Ẹ fi ojú ara yín ṣírò rẹ̀. Bí àgbàlagbà mẹ́wàá bá wà tí wọ́n nílò kí a yí wọn padà ní wákàtí méjì méjì, tí ẹnìkọ̀ọ̀kan sì gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ti lọ nínú ọgọ́fà. Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo kò ní ráyè gbé ẹnikẹ́ni lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò ní mu omi, kò sì ní lè fi wọ́n sílẹ̀ láti lọ pe dókítà. Ilé tó bá sọ pé ẹnì kan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, kì í yí wọn padà nìyẹn.

Ẹ béèrè agogo tàbí ohun tí àgbàlagbà lè fi pe òṣìṣẹ́ láti orí ibùsùn, mọ́tò tí wọn yóò fi gbé e, ẹni tó lè wà á, àti bí yóò ṣe pẹ́ tó láti ibẹ̀ dé ilé ìwòsàn tó ní dókítà lóru. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, ó sì yẹ kí ó wà lára ògiri pẹ̀lú nọ́ńbà tiyín.

Bí òbí yín bá ní àrùn ìgbàgbé tó ń mú un rìn kiri, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tó dára ni pé ọgbà yí ilé náà ká, ẹnìkan máa ń bá a rìn, wọ́n sì ń fún un níṣẹ́ díẹ̀ lọ́sàn-án kí ó lè sùn lóru. Ìdáhùn tí ẹ kò gbọdọ̀ gbà ni pé wọ́n ń fi aṣọ dè é mọ́ ibùsùn, tàbí pé wọ́n ń fún un ní oògùn oorun tí dókítà kò kọ. Oògùn oorun ń mú kí àgbàlagbà ṣubú, ó sì ń sọ ìgbàgbé di ìdàrúdàpọ̀. Ohun mìíràn tí àwọn ènìyàn kì í rò ni èdè. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ́fíìsì lè padà sí èdè Ọ̀tùn tàbí ti Ẹ̀fọ̀n tó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ nìkan. Olùtọ́jú tí kò gbọ́ Èkìtì rárá kò ní mọ̀ pé omi ló ń béèrè, yóò sì máa rò pé ó ń bínú.

Oògùn

Ẹ ní kí wọ́n fi oògùn ẹnìkan hàn yín láìdárúkọ rẹ̀. Ó yẹ kí ó wà nínú páálí tirẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn oògùn tí wọ́n ti tú jọ sínú ike kan, tí gbogbo ilé ń pín lò, ń pa ènìyàn. Ìwé gbọ́dọ̀ wà tí òṣìṣẹ́ ń fọwọ́ sí ní kété tó bá ti fún un ní oògùn. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ ní ọ̀sán tí ẹ sì rí i pé wọ́n ti fọwọ́ sí ti alẹ́, ìwé yẹn kò wúlò fún nǹkan kan mọ́, ẹ kò sì gbọdọ̀ gbà ìwé mìíràn tí wọ́n bá fi hàn yín gbọ́.

Owó àti àdéhùn

Ẹ má ṣe fi àdéhùn ẹnu mú un lọ. Kí ìwé àdéhùn sọ ohun tí owó oṣù kó mọ́ra àti ohun tí kò kó mọ́ra, nítorí pé pámpáàsì, oògùn àti owó ilé ìwòsàn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Kí ó sọ iye ọjọ́ tí ẹ ó fi sọ tẹ́lẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ mú un kúrò, àti owó tí wọn yóò dá padà bí ó bá kú tàbí tó bá lọ. Ẹ kọ gbogbo ohun tó gbé wọlé sílẹ̀, láti orí ìlẹ̀kẹ̀ dé orí awò ojú, kí ẹ̀yin àti olùdarí ilé náà fọwọ́ sí i. Káàdì ATM àti nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ kankan, pàápàá ti ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Kí ẹ sì fi sínú ìwé náà pé wọn kò gbọdọ̀ gbé fọ́tò òbí yín sórí Facebook láti fi tọrọ owó.

Lẹ́yìn tó bá ti wọlé

Ìbẹ̀wò ẹbí ni ààbò tó lágbára jù. Ẹ má ṣe máa lọ ní ọjọ́ kan náà ní aago kan náà, kí ó sì má jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ìpè oní-fídíò dára, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ló ń di fóònù mú, ojú nìkan ló sì ń fi hàn yín. Ẹ wá ẹnìkan nítòsí, bóyá ẹ̀gbọ́n, ọmọ ìjọ tàbí alájọgbé àtijọ́, tí yóò lọ láìsọ tẹ́lẹ̀, tí yóò ṣí aṣọ ìbora, tí yóò wo gìgísẹ̀, tí yóò sì jókòó ti ìyá láìsí òṣìṣẹ́ nítòsí.

Àpá ọwọ́ ní apá òkè, ẹ̀rù tó ń hàn lójú bí òṣìṣẹ́ kan bá wọlé, ìdákẹ́ jẹ́ẹ́ ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, owó tó dín láìsí àlàyé: ẹyọ kan nínú wọn kò tó láti fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, nítorí pé awọ àgbàlagbà tètè máa ń dá àpá, oògùn kan sì wà tó ń jẹ́ kí ó pọ̀ sí i. Bí ó bá di méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ọjọ́ hàn lára rẹ̀, ẹ béèrè àlàyé lọ́wọ́ olùdarí, kí ẹ sì ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àlàyé náà kò bá wọ̀, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí dókítà kọ ohun tó rí, lẹ́yìn náà ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ará ìlú ní Adó. Bí ó bá jẹ́ lílù tàbí olè, ọlọ́pàá ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá.

Bí ẹ bá pinnu láti mú un kúrò, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé oògùn rẹ̀, ìwé tí wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n kílò àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àti àkọsílẹ̀ egbò èyíkéyìí, nítorí pé ó máa ń ṣòro láti rí wọn gbà lẹ́yìn tí ìjà bá ti dé. Ẹ sọ fún òbí yín ibi tí ẹ ń lọ àti ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá dé ilé tuntun, ẹ ní kí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ yẹ ara rẹ̀ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ lójú yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó kọ gbogbo àpá àti egbò tó bá rí, kí ẹ̀yin àti òun sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.